Èrò Púpọ̀ Kọ́ Ni Owó Púpọ̀: Àtúnṣe Àṣìṣe Kan Nípa Ìpolówó Ọjà Lórí Ìkànnì

Àṣìṣe kan wà tó ti rẹsẹ̀ walẹ̀ láàrin àwọn tó ń kọ̀wé sórí íntánẹ́ẹ̀tì, débi pé àwọn kan ti ń gbowó lọ́wọ́ ọ̀dọ́ láti fi kọ́ wọn. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé: dá ìkànnì sílẹ̀, kó èrò lọ síbẹ̀, Google yóò máa sanwó fún ọ, bí èrò bá ṣe ń pọ̀ sí i ni owó yóò ṣe máa pọ̀ sí i. Ọ̀rọ̀ náà dùn létí. Ṣùgbọ́n Google kọ́ ni ẹni tó ń sanwó, iye èrò nìkan kọ́ ni owó náà ń tẹ̀ lé, kò sì sí òótọ́ nínú èyí tí wọ́n máa ń fi kún un pé kò ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀. Mi ò sọ pé kò sówó nídìí iṣẹ́ náà. Owó wà níbẹ̀. Ibi tí owó ọ̀hún ti ń ṣàn wá, àwọn ọwọ́ tó ń gbà kọjá, àti ẹni tó ń ru ìnáwó rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ kò mọ̀. Ìdí nìyẹn tí ẹlòmíràn fi ń fi ọdún gbáko kọ ohun tí kò wù ú, nítorí owó tí kò ní í dé.

Àṣìṣe náà ní orírun o, kò sì yẹ ká fi ẹni tó gbà á gbọ́ ṣe yẹ̀yẹ́. Bí ìwé ìròyìn ṣe ń jẹun nìyẹn tipẹ́tipẹ́. Ní ọdún 1833, Benjamin Day bẹ̀rẹ̀ ìwé ìròyìn The Sun ní ìlú New York. Sẹ́ǹtì kan ló ń tà á, nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń ta tiwọn ní sẹ́ǹtì mẹ́fà. Sẹ́ǹtì kan kò tó gbé iṣẹ́ náà dúró. Àwọn oníṣòwò tó fẹ́ kí gbogbo ìlú gbọ́ nípa ọjà wọn ló ń gbé e dúró. Nílẹ̀ wa níbí, Ìwé Ìròyìn tí Henry Townsend dá sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní ọdún 1859 ń gba owó ẹyọ 120 lọ́wọ́ òǹkàwé, nígbà tó sì yá, ó ń gbé ìkéde àwọn oníṣòwò pẹ̀lú. Láyé ìwé títẹ̀, iye ẹ̀dà ni wọ́n fi ń díye lé àyè ìpolówó. Ẹni tó ń ta ọṣẹ kò lè mọ ẹni tí yóò ṣí ojú ewé kẹta, torí náà gbogbo òǹkàwé ló rà pa pọ̀, ẹni tó nílò ọṣẹ àti ẹni tí kò nílò rẹ̀. Ìwé tí òǹkàwé rẹ̀ bá pọ̀ a gbowó púpọ̀. Ibi tí òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ àwọn tó ń gbowó kọ́ni nìyẹn.

Nígbà tí íntánẹ́ẹ̀tì dé, ìṣirò àtijọ́ yìí náà ni wọ́n kọ́kọ́ gbé wọ̀ ọ́. Ní ọjọ́ 27 oṣù kẹwàá ọdún 1994, ìkànnì HotWired ní Amẹ́ríkà gbé ìpolówó ilé iṣẹ́ AT&T sí ojú ewé rẹ̀, ọ̀kan lára àwọn ìpolówó olójú pátákó àkọ́kọ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. AT&T ra àyè náà fún àkókò kan, ẹnikẹ́ni tó bá wọlé ni yóò rí i. Ìwé ìròyìn ni wọ́n ṣì ń tẹ̀, kò kàn sí bébà níbẹ̀ mọ́ ni.

Ìṣirò yẹn kọ́ ni wọ́n ń lò jù lónìí. Wò ó bí ó ṣe rí. Òǹkàwé kan tẹ àkọlé àpilẹ̀kọ rẹ lórí fóònù. Kí ojú ewé náà tó ṣí tán, wọ́n ti gbé òǹkàwé náà sí gbàǹjo. Wọ́n ti sọ fún kọ̀ǹpútà àwọn olùpolówó ìlú tó wà, irú fóònù tó mú lọ́wọ́, èdè tó ń kà, ohun tí àpilẹ̀kọ náà dá lé lórí, àti, bí wọ́n bá rí i mọ̀, àwọn ohun tó ti ń wá kiri lórí íntánẹ́ẹ̀tì ṣáájú ọjọ́ náà. Kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan dárúkọ iye tí ọ̀gá rẹ̀ lè san. Ìpolówó ẹni tó bá dárúkọ owó tó ga jù ni yóò hàn. Gbogbo rẹ̀ kò gbà tó ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí ẹlòmíràn bá tẹ àpilẹ̀kọ kan náà lẹ́yìn rẹ̀, gbàǹjo mìíràn bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Kì í ṣe àyè ojú ewé rẹ ni wọ́n ń tà mọ́. Ojú òǹkàwé kan ṣoṣo ni, ní àsìkò kan ṣoṣo.

Ká ní èèyàn méjì ka àpilẹ̀kọ kan náà lórí oúnjẹ tó dára fún alátọ̀gbẹ, ọ̀kan jókòó ní Ìbàdàn, èkejì ní London. Ní London, àwọn ilé ìtajà oògùn, àwọn onímádàámidófò àti àwọn tó ń ta ẹ̀rọ ìwọ̀n ṣúgà lè máa du ojú ẹni yẹn, owó pọ́n-ùn sì ni wọ́n fi ń du ara wọn. Ní Ìbàdàn, àwọn tó ń dárúkọ owó lè má ju ẹyọ kan tàbí méjì lọ. Àpilẹ̀kọ kan náà ni, làálàá kan náà ni o ṣe, òǹkàwé méjèèjì sì gbádùn rẹ̀ bákan náà. Ohun tí wọ́n mú wọlé fún ọ kò ní í dọ́gba. Kì í ṣe pé ọ̀kan níyì ju èkejì. Iye àwọn tó ń du ojú wọn ló yàtọ̀. Ìdí tí ọmọ Yorùbá tó ń gbé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tàbí Amẹ́ríkà fi ṣe pàtàkì sí ìṣirò oníkànnì ju bí a ṣe rò lọ nìyẹn.

Ẹ̀rí tó lágbára jù tí mo mọ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí ni ti ọdún 2020. Nígbà tí àrùn Kòrónà gbilẹ̀ ní oṣù kẹta ọdún náà, àwọn èèyàn rọ́ lọ sórí ìkànnì ìròyìn káàkiri ayé. Bí ó bá jẹ́ pé èrò ni owó, ó yẹ kí àwọn oníwèé ìròyìn ti máa jó. Òdìkejì ló ṣẹlẹ̀. Àwọn onílé ìtura àti onílé iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú dáwọ́ ìpolówó dúró, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó kù sì pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà wọn pé kí ọjà àwọn má ṣe hàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpilẹ̀kọ tó bá ti dárúkọ àrùn náà. Ohun tí gbogbo ayé ń kà gan-an ni ohun tí olùpolówó ń sá fún. Newsworks, àjọ tó ń ṣojú àwọn ìwé ìròyìn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dọ̀ àwọn olùpolówó, kìlọ̀ nígbà náà pé irú àṣẹ bẹ́ẹ̀ lè mú kí àwọn ìwé ìròyìn pàdánù £50 mílíọ̀nù bí àjàkálẹ̀ náà bá fa oṣù mẹ́ta. Èrò kún fọ́fọ́, owó gbẹ. Kódà láìsí àjàkálẹ̀, ẹni tó bá ti ṣe iṣẹ́ yìí pẹ́ mọ̀ pé owó máa ń gòkè bí ọdún Kérésì bá ń bọ̀, yóò sì já wálẹ̀ nínú oṣù kìn-ín-ní, bí èrò ò tiẹ̀ dín ẹyọ kan.

Ẹ jẹ́ ká fi nọ́ńbà tí mo kàn mú fún àpẹẹrẹ ṣe ìṣirò díẹ̀. Ìkànnì kan ń sọ ìròyìn àwọn òṣèré, wọ́n ń ṣí ojú ewé rẹ̀ nígbà 100,000 lóṣù, dọ́là kan ló sì ń wọlé lórí ẹgbẹ̀rún kọ̀ọ̀kan. $100 ni lóṣù. Ìkànnì kejì ń ṣàlàyé bí a ṣe ń gba ìwé ìrìnnà àti bí a ṣe ń fi owó ránṣẹ́ sílé láti òkè òkun, wọ́n ń ṣí i nígbà 20,000 péré, ṣùgbọ́n dọ́là mẹ́jọ ló ń wọlé lórí ẹgbẹ̀rún. $160 ni. Ìdá márùn-ún èrò àkọ́kọ́ ló ní, ó sì pa owó jù ú lọ.

Èdè tí a fi kọ ọ́ náà wọ inú ìṣirò. AdSense, iṣẹ́ ìpolówó tí Google gbé kalẹ̀ fún àwọn oníkànnì ní ọdún 2003, ní àkójọ èdè tó ń gbà. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, Yorùbá kò sí nínú àkójọ náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn tó ń sọ ọ́ tó mílíọ̀nù lọ́nà ọ̀pọ̀lọpọ̀. Ó dun ni, ṣùgbọ́n ó bá gbàǹjo tí mo ṣàlàyé mu: ẹ̀rọ tí kò lè ka èdè kan kò lè sọ fún olùpolówó ohun tí ojú ewé náà dá lé lórí. Kí ẹni tó bá fẹ́ fi èdè wa kọ̀wé wo àkójọ ọ̀hún fúnra rẹ̀ kó tó náwó lé orúkọ ìkànnì.

Ó kan ọ̀rọ̀ pé Google ń sanwó. Alágbàtà ni Google. Olùpolówó ló ń sanwó, Google gbà á, ó yọ tirẹ̀, ó fi ìyókù ránṣẹ́. Ní ọdún 2010 ni ilé iṣẹ́ náà kọ́kọ́ sọ ọ́ síta pé nínú $100 tí olùpolówó bá san lórí ìpolówó àárín àpilẹ̀kọ, $68 ló ń kan oníkànnì. Ní ìparí ọdún 2023 wọ́n kéde pé àwọn yóò yí bí wọ́n ṣe ń ṣírò rẹ̀ padà, ṣùgbọ́n wọ́n ní ohun tó ń kan oníkànnì yóò ṣì wà ní nǹkan bí 68 yẹn. Ìgbà yẹn náà ni wọ́n kéde pé títẹ ìpolówó kọ́ ni àwọn yóò máa sanwó lé lórí mọ́, bí kò ṣe fífi hàn.

Èyí ṣì dára lẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tí ojú àwọn ìkànnì ńlá ń rí, tí alágbàtà bíi márùn-ún tàbí mẹ́fà wà láàrin wọn àti ẹni tó ń polówó. Ní ọdún 2016, ìwé ìròyìn The Guardian fi owó ara rẹ̀ ra àyè ìpolówó lórí ìkànnì ara rẹ̀, kó lè mọ ohun tí yóò padà délé. Níbi tó burú jù, 30 pẹ́ńsì ni wọ́n rí nínú pọ́n-ùn kan. Ní ọdún 2020, ISBA, ẹgbẹ́ àwọn olùpolówó ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní kí ilé iṣẹ́ PwC tọpa owó náà. Wọ́n rí i pé 51 nínú ọgọ́rùn-ún ló ń dé ọ̀dọ̀ oníkànnì, ìpín 15 sì wà tí wọn kò rí ibi tó gbà lọ. Onímọ̀ ìṣirò owó tó lórúkọ ni wọ́n bẹ̀ níṣẹ́ o, owó sì poòórá lójú wọn! Ní oṣù kẹrin ọdún 2025, Adájọ́ Leonie Brinkema ní ìpínlẹ̀ Virginia ní Amẹ́ríkà dájọ́ pé Google rú òfin nípa bí ó ṣe gbá ọjà mú lọ́nà méjì: ẹ̀rọ tí àwọn oníkànnì fi ń ta àyè wọn, àti ibi tí gbàǹjo náà ti ń wáyé. Ẹni tó ń ṣe alágbàtà fún ẹni tó ń tà ló tún ni gbàgede ọjà.

Nínú gbogbo èyí tí àṣìṣe náà bí, èyí tó ń ba àwọn ọ̀dọ́ wa jẹ́ jù ni “ẹ bá mi tẹ̀ ẹ́.” Ọmọ kan dá ìkànnì sílẹ̀, ó fi ránṣẹ́ sí gbogbo ẹgbẹ́ WhatsApp tó wà, ó bẹ ẹ̀gbọ́n, ó bẹ àbúrò, pé bí wọ́n bá ti wọlé kí wọ́n tẹ ìpolówó tó bá hàn. Ó rò pé ọgbọ́n ni. Òfin AdSense kọ̀ ọ́ délẹ̀délẹ̀: oníkànnì kò gbọdọ̀ tẹ ìpolówó ara rẹ̀, kò sì gbọdọ̀ bẹ ẹnikẹ́ni kó tẹ̀ ẹ́. Bí ẹ̀rọ bá fura, wọ́n lè ti àkáǹtì náà pa, kí owó tó ti wà níbẹ̀ sì padà sọ́dọ̀ olùpolówó níbi tó bá ti ṣeé ṣe. Gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, lóòótọ́. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ àwọn ẹ̀rọ wọ̀nyí gan-an ni láti mọ èyí tínú ń run. Wọ́n mọ̀ pé ogún èèyàn tó tẹ ìpolówó kan náà láàrin wákàtí kan, tí ẹnikẹ́ni nínú wọn kò sì ra nǹkan kan, kì í ṣe oníbàárà.

Oníkànnì tí kò ṣe irú èrú bẹ́ẹ̀ náà ní ohun tó ń dí i lọ́wọ́. Ìwọ̀n tí àwọn ilé iṣẹ́ ìpolówó fẹnu kò lé lórí ni pé a kò lè sọ pé èèyàn rí ìpolówó kan àfi bí ó kéré tán ìdajì rẹ̀ bá wà lójú fóònù tàbí kọ̀ǹpútà fún ìṣẹ́jú àáyá kan gbáko. Èyí tó bá wà nísàlẹ̀ pátápátá, níbi tí òǹkàwé kì í dé, kò wúlò fún ẹnikẹ́ni. Bí owó bá sì ti wọlé tó $10, Google yóò fi nọ́ńbà àṣírí kan ránṣẹ́ nínú lẹ́tà sí ilé oníkànnì, láti mọ̀ pé ó ń gbé ibi tó sọ. Lẹ́tà gidi ni, èyí tó ń gba ilé ìfìwéránṣẹ́ kọjá. Ní àdúgbò tí ilé ò ní nọ́ńbà, ẹ mọ ohun tí mò ń sọ. Lẹ́yìn náà, kò sówó tí yóò jáde títí yóò fi pé $100. Bí $8 ló bá ń wọlé fún ẹnì kan lóṣù, ọdún kan àti oṣù kan ni yóò fi dúró de owó àkọ́kọ́.

Ní ti pé kò ná ẹnikẹ́ni ní nǹkan, òǹkàwé ló ń sanwó, dátà ló sì fi ń san án. Ní ọdún 2015, ìwé ìròyìn The New York Times wọn àwọn ìkànnì ìròyìn bíi mélòó kan lórí fóònù. Ojú ewé àkọ́kọ́ Boston.com lé ní MB 19, ìpolówó nìkan sì gba ohun tó lé ní MB 15 nínú rẹ̀. Níbi tí èèyàn ti ń ra dátà níwọ̀nba, bíi tiwa, ìpolówó tó wúwo ju àpilẹ̀kọ lọ jẹ́ owó tí o gbà lápò ẹni tó wá bẹ̀ ọ́ wò láìsọ fún un.

Àléébù tó burú jù lójú tèmi kò sí nínú dátà rárá. Inú ìkọ̀wé ló wà. Ní ọdún 1998, nígbà tí Sergey Brin àti Larry Page ṣì jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Stanford, wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé ìwádìí wọn pé ẹ̀rọ ìṣàwárí tó bá ń fi ìpolówó jẹun yóò máa ṣègbè lẹ́yìn àwọn olùpolówó, yóò sì jìnnà sí ohun tí ẹni tó ń lò ó nílò. Ọdún méjì lẹ́yìn ìyẹn, àwọn náà bẹ̀rẹ̀ sí í ta ìpolówó. Òǹkọ̀wé ìkànnì náà kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àpilẹ̀kọ lórí ewé àti egbò, bó bá rí i pé èyí tó kọ lórí yíyá owó mú ìlọ́po mẹ́wàá wọlé, àpilẹ̀kọ tó kàn yóò dá lórí yíyá owó. Èyí tó tẹ̀ lé e yóò dá lórí tẹ́tẹ́. Kò sẹ́ni tó fipá mú un.

Ṣé ká wá sọ pé kí ẹnikẹ́ni má gba ìpolówó? Àwọn kan ń sọ bẹ́ẹ̀, wọ́n sì ń tọ́ka sí Wikipedia, tí kò gba ìpolówó rí, tó ń fi ọrẹ àwọn òǹkàwé gbéra. Lóòótọ́, ní ọdún 2002, nítorí ìbẹ̀rù pé ìpolówó lè wọlé, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń kọ Wikipedia èdè Sípéènì ya kúrò, wọ́n sì dá tiwọn sílẹ̀ lọ́tọ̀. Ṣùgbọ́n ìkànnì mélòó ló lè rí ọrẹ gbà káàkiri ayé bíi Wikipedia? The New York Times náà ti ilẹ̀kùn mọ́ àpilẹ̀kọ rẹ̀ ní ọdún 2011, àfi fún ẹni tó bá sanwó, nígbà tó sì di ọdún 2012, owó òǹkàwé ti ju owó ìpolówó lọ níbẹ̀. Òǹkàwé tó lè san irú owó bẹ́ẹ̀ lóṣooṣù kò pọ̀ lọ́dọ̀ wa. Àǹfààní ìpolówó tí ẹnikẹ́ni kò lè sẹ́ nìyí: akẹ́kọ̀ọ́ tí kò ní náírà kan lápò lè ka ohun kan náà tí olówó ń kà, òǹkọ̀wé tí kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n sì lè bẹ̀rẹ̀ láìtọrọ owó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Àmọ́ ọ̀nà kan kò wọ ọjà, ẹni tó bá sì fi gbogbo ara lé ilé iṣẹ́ kan ṣoṣo wà nínú ewu. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2014, Google gbé búlọ́ọ̀gì Linda Ikeji, tó gbajúmọ̀ jù ní Nàìjíríà nígbà náà, kúrò lórí Blogger, ibi tí Google ti ń gba búlọ́ọ̀gì sí, nítorí ẹ̀sùn pé ó ń lo iṣẹ́ oníṣẹ́ láìgbàṣẹ. Wọ́n dá a padà láìpẹ́. Kí ẹni tí orúkọ rẹ̀ kò tó tirẹ̀ bi ara rẹ̀ léèrè bóyá wọn ì bá dá tòun padà kíákíá bẹ́ẹ̀.

Ọ̀nà kejì ti wà nílẹ̀ tipẹ́, àwọn tó ń kọ́ni kì í kàn mẹ́nu bà á. Nairaland, tí Seun Osewa dá sílẹ̀ ní ọdún 2005, ń ta àyè tààrà fún ẹni tó fẹ́ polówó, ní náírà, olùpolówó sì lè yan ẹ̀ka tó fẹ́ kí ọjà rẹ̀ ti hàn. Ìkànnì kékeré tó ń kọ nípa iṣẹ́ àgbẹ̀ ní agbègbè Ọ̀yọ́ lè ṣe bẹ́ẹ̀: kó lọ bá ẹni tó ń ta oúnjẹ adìyẹ ní Ṣakí, ẹni tó ń ta irúgbìn ní Ògbómọ̀ṣọ́, kó fi iye àwọn òǹkàwé rẹ̀ tó jẹ́ àgbẹ̀ hàn wọ́n. Gbàǹjo kọ̀ǹpútà kò mọ iyì òǹkàwé wọ̀nyẹn. Ẹni tó ń ta oúnjẹ adìyẹ mọ̀ ọ́n. Iṣẹ́ pọ̀ níbẹ̀ o: òun fúnra rẹ̀ ni yóò dúnàádúrà, tí yóò gba owó, tí yóò sì ṣírò iye ìgbà tí ìpolówó hàn. Òfin wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Lábẹ́ òfin tó gbé ARCON, àjọ tó ń ṣàmójútó ìpolówó ní Nàìjíríà, kalẹ̀ ní ọdún 2022, ìpolówó tí a bá fojú sí ọjà Nàìjíríà gbọ́dọ̀ gba àyẹ̀wò ìgbìmọ̀ wọn kó tó jáde, bí ó tilẹ̀ jẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì ni, òfin ìdáàbòbò dátà ti ọdún 2023 sì ń de oníkànnì lórí ohun tó bá ń kó jọ nípa òǹkàwé.

Ní tèmi, AdSense dára fún ẹni tó ti ń kọ ohun tó mọ̀, tí kò sì retí ju owó dátà àti owó orúkọ ìkànnì lọ ní ọdún méjì àkọ́kọ́. Kò dára fún ẹni tó fẹ́ fi san owó ilé. Ẹ̀bẹ̀ mi sì ni sí ẹ̀yin tí ẹ ń gbowó kọ́ àwọn ọmọ wa níṣẹ́ yìí: kí ẹ tó gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wọn, ẹ fi ohun tó ń wọlé lórí ẹgbẹ̀rún kan ní ìkànnì tiyín hàn wọ́n, ẹ sọ ìlú tí àwọn òǹkàwé yín wà, ẹ sì jẹ́ kí wọ́n fi nọ́ńbà yẹn ṣe ìṣirò fúnra wọn.